Kókó wà lọ́rùn màmá mi, ṣé a lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni láì gún un lábẹ́rẹ́?

ọmọ_gbági
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Màmá mi ń ta aṣọ ní Gbági níbí n'Íbàdàn, ẹni ọdún 58 ni wọ́n, kò sí àìsàn kankan lára wọn ju ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀ lọ. A ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi lóṣù tó kọjá, ìgbà tá a wá ń wo fọ́tò ni àǹtí mi ní, kí ló wú sókè lọ́rùn ìyá yín lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn? A ní kí wọ́n mu omi níwájú dígí, lóòótọ́, nǹkan kan ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún bí wọ́n ṣe ń gbé omi yẹn mì.

A gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, TSH wọn, èyí tó ń sọ bí táírọ́ìdì (ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn) ṣe ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 1.9, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ṣe skáànì (ultrasound), rìpọ́ọ̀tù tí wọ́n fún wa ò ju ìlà mẹ́ta lọ, pé kókó kan wà lápá ọ̀tún táírọ́ìdì, ó tó 1.8 cm, kí dókítà wò ó bó ṣe yẹ. Dókítà wá ní ká lọ ṣe FNA, ìyẹn ni kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ inú kókó yẹn kí wọ́n fa díẹ̀ jáde lọ yẹ̀ wò. Màmá mi ní láéláé. Wọ́n ní obìnrin kan wà tí àwọn jọ ń tajà, pé ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan tiẹ̀ ló tàn ká ara ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi lọ.

Mi ò fẹ́ fi agídí mú wọn, mi ò sì fẹ́ ká jókòó tẹtẹrẹ kí nǹkan bàjẹ́. Ṣé ọ̀nà kankan wà tí wọ́n fi ń mọ̀ láì lo abẹ́rẹ́? Ẹni tó bá ti là á kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

nọ́ọ̀sì_àgbà
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kí ọkàn ẹ kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Kókó inú táírọ́ìdì wọ́pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, pàápàá lára obìnrin tó ti ń dàgbà. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ skáànì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín kí wọ́n fi wo ọrùn gbogbo ẹgbẹ́ ìyá, wọ́n á rí i lára ọ̀pọ̀ tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Nínú 100, bíi 5 sí 15 ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ, àwọn yòókù á kàn wà níbẹ̀ ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, tí wọ́n ń pè ní papillary, ẹlẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, wọ́n sì ń wò ó sàn.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe ò ní ná ẹ ní kọ́bọ̀. Jókòó ti màmá ẹ kó o bi wọ́n léèrè. Ṣé wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú wọn lọ́rùn tàbí lórí rí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, bàbá, ìyá, ọmọ ìyá wọn, ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì rí? Ṣé ohùn wọn ti há, tí kò sì lọ? Ṣé oúnjẹ tàbí itọ́ ń há wọn lọ́fun? Ṣé kókó yìí yára wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni? Kó o sì rọra fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ṣé ó le bí òkúta tí kì í yẹ̀, ṣé kókó mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn ti fọwọ́ tì wá sápá ibi tó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò parí ọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà yìí gbọ́ dáadáa o. TSH tó dáa ò sọ pé kókó yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ tí táírọ́ìdì ń ṣe ni TSH ń sọ, kì í sọ irú ẹran tó hù sínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì ni TSH wọn dáa kedere. Ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí ẹni tó di ìwé ẹ̀jẹ̀ mú pé òun ò ní nǹkan kan, kò padà wá mọ́, ọdún méjì gbáko kó tó padà dé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

ọmọ_gbági
Ẹ ṣé mà, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín. Mo ti bi wọ́n. Kò sí ìtànṣán, ohùn wọn dáa (wọ́n ṣì ń pariwo mọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń ṣe), kò sí ìnira tí wọ́n bá ń jẹun. Ó jọ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ torí mo rí i nínú fọ́tò ọdún méjì sẹ́yìn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ màmá tó bí wọn ní gẹ̀gẹ̀ ńlá lábúlé kó tó di pé wọ́n kú, wọ́n lé ní 80. Ṣé ìyẹn wà lára ohun tí ẹ ń bèèrè?

nọ́ọ̀sì_àgbà
Gẹ̀gẹ̀ yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ, ọmọ mi. Nígbà ayé àwọn ìyá wa, iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ò ní áyódíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣiṣẹ́, táírọ́ìdì á wá máa wú kó lè rí ìwọ̀nba tó wà mú, ohun tó fà á tí gẹ̀gẹ̀ fi pọ̀ lábúlé nìyẹn. Gbogbo ilé lè ní i láì jẹ́ pé jẹjẹrẹ kankan wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú, má fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn.

onískáànì_òṣogbo
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Iṣẹ́ mi ni skáànì, ọdún 14 rèé, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Rìpọ́ọ̀tù ìlà mẹ́ta yẹn ló ń bí mi nínú, màmá yín ò ṣe àìdáa kankan. Ohun tí ẹ ń wá, pé kí a mọ̀ láì gún wọn, inú skáànì yẹn gan-an ló wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ò kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Lọ́dún 2017 ẹgbẹ́ àwọn rédíọ́lọ́jísìtì (dókítà tó ń ka skáànì) ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní TI-RADS, máàkì ni wọ́n ń fún kókó bí ìgbà tí tíṣà ń máàkì ìwé ọmọ. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò. Èkíní, kí ló wà nínú ẹ̀? Tó bá jẹ́ omi nìkan tàbí tó rí bí inú búrẹ́dì, ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, òdo ni. Tí omi àti ẹran bá jọ wà ńbẹ̀, 1. Tó bá jẹ́ ẹran ló kún un, 2. Èkejì ni àwọ̀ ẹ̀ lójú ẹ̀rọ: tó bá mọ́lẹ̀ bí ẹran táírọ́ìdì tó yí i ká tàbí tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, 1, tó bá dúdú jù ú lọ, 2, tó bá dúdú kirikiri tó dúdú ju iṣan ọrùn lọ, 3. Ẹ̀kẹta ni bó ṣe dúró, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an, torí kókó tí kò léwu sábà máa ń sùn gbalaja bí ẹyin tí wọ́n fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bí ẹyin tí wọ́n gbé nàró, máàkì 3 ló máa gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹrin ni etí ẹ̀, tó bá dán, òdo, tó bá rí págunpàgun, 2, tó bá ti yọ kúrò nínú táírọ́ìdì bọ́ síta, 3. Ìkarùn-ún ni àwọn àmì funfun inú ẹ̀. Èyí tó tóbi gbà 1, èyí tó yí etí ká gbà 2, àwọn tó kéré tín-tìn-tín bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i gbà 3, àwọn yẹn ni àyà wa máa ń já sí jù.

Ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Òdo ni TR1, 2 ni TR2, 3 ni TR3, 4 dé 6 ni TR4, 7 sókè ni TR5. TR1 àti TR2, wọn kì í gún un, torí ewu jẹjẹrẹ ibẹ̀ ò ju 2 nínú 100 lọ. TR3, kò ju 5 lọ nínú 100, wọn ò ní gún un àfi tó bá tó 2.5 cm. TR4, 5 sí 20 nínú 100, ó di 1.5 cm kí wọ́n tó gún un. TR5 ti lé ní 20 nínú 100, 1 cm báyìí wọ́n á ti ní kó wá. Láti TR3 lọ sókè, èyí tí kò bá tó gígún tí kò sì kéré jù, wọ́n á máa fi skáànì ṣọ́ ọ.

Ẹ rí i pé 1.8 cm tí wọ́n kọ fún màmá yín ò sọ nǹkan kan fún wa láì sí àwọn yòókù. 1.8 tó jẹ́ TR2, ẹ gbàgbé ẹ̀. 1.8 tó jẹ́ TR5, ẹ má sùn.

Ẹ padà lọ ṣe skáànì mìíràn lọ́dọ̀ ẹni tó mọ táírọ́ìdì wò. Ẹ bèèrè tẹ́lẹ̀ pé ṣé wọ́n ní orí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wo nǹkan tó wà nítòsí awọ ara, torí mo ti rí ibi tí wọ́n fi èyí tí wọ́n fi ń wo oyún wo ọrùn, kò lè fi nǹkan kan hàn dáadáa. Kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì fún límfù nóòdù (àwọn kókó kéékèèké tó ń bá ara gbógun ti àrùn) pẹ̀lú, torí tí jẹjẹrẹ bá fẹ́ rìn, ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Màmá lè jẹun kí wọ́n tó lọ. Kí wọ́n má wọ ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ tí ọrùn ẹ̀ ṣí. Kò ní dùn wọ́n rárá, jẹ́lì tútù lásán ni.

ará_peckham
Mo jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀gbọ́n onískáànì sọ. London ni mo wà. Níbí, lẹ́tà U ni wọ́n ń lò, U1 dé U5. U1, kò sí nǹkan. U2, kókó wà, ṣùgbọ́n kò léwu. U3, kò dá wọn lójú. U4 àti U5, wọ́n ń fura gan-an. Èmi fúnra mi rí kókó kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nígbà tí mo ń kunra, GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò, ní kí n lọ ṣe skáànì, mo sunkún láti ilé dé ọsibítù ọjọ́ náà. Rédíọ́lọ́jísìtì yẹn fi ẹ̀rọ wò ó, ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi, ó ní wò ó, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, àwọn ihò wẹ́wẹ́ yìí ni a máa ń fẹ́ rí. Wọ́n kọ U2. Kò sí abẹ́rẹ́, wọ́n ní tó bá wú sí i tàbí ohùn mi há kí n padà wá. Títí dòní kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó parí sórí skáànì.

àdúgbò_mókọ́lá
Ẹ kú ìròyìn. Ẹ má bínú o, ṣé CT scan ò ní dáa jù? Òun ló wọ́n jù, ó sì ń rí inú ara dáadáa. Àti pé àbúrò ìyá mi kan lo àgbo kan tí wọ́n ń fi pa ọrùn, kókó yẹn sì fọ́ lóru ọjọ́ kan.

dókítà_ọmọ_ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fèsì sí ìyẹn torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń náwó síbi tí kò yẹ. CT ò ju skáànì lásán lọ fún iṣẹ́ yìí, kódà ó rẹlẹ̀ sí i. Kò lè rí àwọn àmì wẹ́wẹ́ inú kókó, MRI náà ò lè rí i. Wọ́n máa ń lo CT tí kókó bá tóbi tó ti wọ inú àyà tàbí tó ti ń tẹ ọ̀nà èémí. Oògùn tí wọ́n máa ń fà sí ara fún CT, áyódíìnì ló kún inú ẹ̀, tí ẹni náà bá wá nílò skáànì áyódíìnì lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. PET, skáànì tí wọ́n sábà fi ń wá jẹjẹrẹ káàkiri ara, ńkọ́? A kì í fi wá kókó táírọ́ìdì, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá lọ ṣe PET fún àìsàn mìíràn tí ojú kan bá tàn nínú táírọ́ìdì, kó má fi ṣeré, torí bíi ìdá kan nínú mẹ́ta irú ẹ̀ ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ti àgbo yẹn, kókó tó ní omi nínú lè fọ́ fúnra ẹ̀, omi ẹ̀ á gbẹ, yálà èèyàn fi nǹkan pa á tàbí kò fi pa á. Ẹ̀jẹ̀ náà lè ya sínú ẹ̀ lójijì, á wú, á dun èèyàn, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á rọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kà sí iṣẹ́ àgbo, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Jẹjẹrẹ kì í fọ́ lóru.

Ó ku ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn skáànì tí wọ́n ń fún èèyàn ní oògùn ìtànṣán díẹ̀, kí wọ́n fi wo bóyá kókó yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní nuclear medicine ló ń ṣe é, UCH ní i níbẹ̀ n'Íbàdàn. Kókó tó "gbóná", tó ń fa oògùn yẹn mu ju ibi tó kù lọ, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kó jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí TSH ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nìkan ni a máa ń ní kó lọ ṣe é. Màmá yín tí TSH wọn jẹ́ 1.9, kókó wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má "gbóná", á kàn "tutù" ni, ọ̀pọ̀ èyí tó tutù sì jẹ́ èyí tí kò léwu náà. Owó á lọ, ẹ ò ní mọ nǹkan tuntun.

Níwọ̀n ìgbà tá a ti ń sọ̀rọ̀ TSH, ẹ̀yin obìnrin tó ń lo oògùn irun àti èékánná, biotin ló máa ń wà nínú ẹ̀. Ó máa ń da èsì ẹ̀jẹ̀ táírọ́ìdì rú, TSH á dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kẹ́ ẹ tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

houston_yorùbá
Dókítà, ẹ ṣeun. Níbí, wọ́n ṣe elastography fún ìyàwó mi, ẹ̀rọ skáànì náà ni, ṣùgbọ́n ó ń wọn bí kókó ṣe le tó, torí jẹjẹrẹ sábà máa ń le. Wọ́n sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ẹ̀. Wọ́n sọ fún wa tààrà pé méjèèjì ò lè dá dúró, pé wọ́n kàn ń fi kún ohun tí skáànì ti sọ ni. Kókó tó rọ̀ ń fi ọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń rọ̀ náà, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní follicular.

Ẹ̀rọ AI náà ti wà tó ń bá dókítà ka fọ́tò skáànì táírọ́ìdì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù ya fọ́tò skáànì sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó ní kí AI sọ bóyá jẹjẹrẹ ni o. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyẹn, ẹni tó di ẹ̀rọ mú ń yí i lọ yí i bọ̀ lọ́tùn-ún lósì ni.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń sọ pé kókó yìí jẹ́ jẹjẹrẹ. Calcitonin nìkan ló sún mọ́ ọn, jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní medullary nìkan sì ló wà fún, èyí tí kò wọ́pọ̀, tó sì máa ń rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn. Àwọn àyẹ̀wò jíìnì bíi Afirma àti ThyroSeq tí ẹ máa ń gbọ́ orúkọ wọn, inú ohun tí abẹ́rẹ́ bá fà jáde ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀nà láti sá fún abẹ́rẹ́.

tíṣà_ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́, tí skáànì bá dáa tó bẹ́ẹ̀, ṣé kí gbogbo wa kàn lọ ṣe é lọ́dọọdún kó má bàa bá wa lójijì?

dókítà_ọmọ_ifẹ̀
Rárá o, àwọn ará South Korea ti gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi skáànì wo ọrùn ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Nígbà tó fi máa di 2011, iye ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì lọ́dún ti di ìlọ́po 15 ti 1993. Iye ẹni tó ń kú sí i kò yí padà. Ìyẹn ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n gé táírọ́ìdì wọn tí wọ́n ń lo oògùn títí ayé nítorí nǹkan kékeré tí kì bá tí pa wọ́n. Ní Kuma Hospital nílùú Kobe ní Japan, láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn jẹjẹrẹ tí kò ju 1 cm lọ láì gé e, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni kò sún láti ibi tó wà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan kókó, tàbí tí ohùn ẹ̀ há, tàbí tí ìtàn jẹjẹrẹ táírọ́ìdì wà nínú ẹbí ẹ̀, ìyẹn ni kó lọ.

ọmọ_gbági
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o. A lọ síbòmíràn lánàá. Obìnrin tó ṣe é lò tó ogún ìṣẹ́jú, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká màmá mi kí ọrùn wọn lè nà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n rìpọ́ọ̀tù ẹ̀ kún ojú ewé kan. Ohun tó kọ rèé: ẹran ló kún inú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ bá ti táírọ́ìdì tó yí i ká dọ́gba, ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, etí ẹ̀ dán, kò sí àmì funfun kankan. Ó gùn tó 1.8 × 1.3 × 1.1 cm. Límfù nóòdù ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì dáa. Ó kọ TR3 sí ìsàlẹ̀. Mo rò ó fúnra mi bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ wa, 2 pẹ̀lú 1, ó jẹ́ 3 lóòótọ́. Ṣé ó túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ ti kúrò ńbẹ̀?

onískáànì_òṣogbo
Ẹ kú oríire! Obìnrin yẹn mọṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀ sọnù. Tá a bá tẹ̀ lé TI-RADS ti Amẹ́ríkà, TR3 tí kò tó 2.5 cm, wọn kì í gún un, ṣùgbọ́n tó bá ti tó 1.5, wọ́n á máa fi skáànì ṣọ́ ọ lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ẹ má wá lọ bá dókítà jà o, kò ṣàṣìṣe. Ìlànà ju ẹyọ kan lọ láyé. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà táírọ́ìdì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ní 2015 pé irú kókó yìí, tó bá ti tó 1.5 cm, kí wọ́n gún un. Ti Yúróòpù ní ó di kó ju 2 cm lọ. Kókó kan náà, ẹsẹ̀ tí kálukú gbé lé e ló yàtọ̀. Torí náà, ẹ mú rìpọ́ọ̀tù yìí padà lọ bá a, kẹ́ ẹ ní, sà, a ti ṣe èyí, màmá ò fẹ́ abẹ́rẹ́, ṣé a lè máa ṣọ́ ọ? Dókítà tó dáa á gbọ́.

nọ́ọ̀sì_àgbà
Inú mi dùn gan-an, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí màmá máa gbé ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn kiri, torí ọjọ́ mìíràn lè wà tí wọ́n á nílò ẹ̀. Abẹ́rẹ́ FNA tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ. Kí jẹjẹrẹ tàn nítorí ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n débi pé gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò rí ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ wọn tó lọ yẹn, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti tàn kó tó dé ọsibítù rárá, abẹ́rẹ́ ló kàn bá a níbẹ̀. Rọra ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan tí ara wọn bá balẹ̀.

ìyá_ìbejì_apẹtẹ
Ẹ káàsán ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kàn lè sọ̀rọ̀ ni. Ẹni ọdún 36 ni mí. Mo wá síbí torí mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé n ò nílò abẹ́rẹ́. Tèmi kéré sí ti màmá, 1.2 cm péré ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé ẹran ló kún inú ẹ̀, ó dúdú ju ibi tó yí i ká lọ, ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Etí ẹ̀ dán, kò sí àmì funfun. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mẹta. 7 ló ń fún mi.

onískáànì_òṣogbo
Àbúrò mi, ó dáa tó o sọ̀rọ̀. 7 ni lóòótọ́, TR5 nìyẹn, ó sì ti kọjá 1 cm. Gbogbo ìlànà tí mo kà sókè yẹn, kò sí èyí tó máa ní kó o máa wò ó lásán láì gún un. Kì í ṣe pé jẹjẹrẹ ni o. A ò tíì mọ̀, ibi tí skáànì lè sìn wá dé nìyí. Lọ ṣe FNA. Má dúró de oṣù tó ń bọ̀.

ará_peckham
Sisí mi, mo dì ẹ́ mọ́ra láti ibi tí mo wà. Bó o bá ṣe é tán, èsì yòówù kó jẹ́, padà wá síbí.

ìyá_ìbejì_apẹtẹ
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án. Ọkọ mi ò sí nílé, Abuja ló wà. Màá fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, màá dá lọ.

ọmọ_gbági
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Dókítà gbà pé ká máa ṣọ́ ti màmá mi, wọ́n ti kọ skáànì ọdún tó ń bọ̀ sínú káàdì. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún wọn lálẹ́ àná, títí kan ti nọ́ọ̀sì àgbà nípa abẹ́rẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo ka ti ìyá ìbejì, wọ́n ní ta ló máa bá ọmọ yẹn lọ? Mo ní ó ní òun á dá lọ. Wọ́n ní kí n bi yín pé ibo ni n'Ápẹtẹ, pé àwọn ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

ìyá_ìbejì_apẹtẹ
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí wọn lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí inbox yín.